Oríkì Ọ́pudéètì, Ọmọ A-wọlé-má-kanlẹ̀kùn

Ọ́pudéètì, mo kí ọ o!
Ọmọ A-wọlé-má-kanlẹ̀kùn,
Àlejò tí í dé lóru, tí í gba yàrá mọ́ onílé lọ́wọ́ kílẹ̀ tó mọ́.
A-tún-un-ṣe-títí-ó-fi-bàjẹ́,
A-jẹ-dátà-onídátà-má-dúpẹ́.
Lánàá, bíráúsà wa ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń tẹ fọ́ọ̀mù, ó ń tẹ rìsíìtì.
O ní ara rẹ̀ kò yá tó, o ní o fẹ́ wò ó sàn.
Láti ìgbà tí o ti wò ó sàn ni kò ti lè dìde.

Ẹni tó bá ṣe rere là ń kì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ibi náà ní oríkì tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ la fi ń kì í, ká lè dá a mọ̀ bó bá tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ́pudéètì tó ń ba bíráúsà jẹ́ ti ṣe tó ẹni tí à ń kì bẹ́ẹ̀. Màá kì í délẹ̀, nítorí iṣẹ́ òòjọ́ àwọn èèyàn ló ń gbá dànù.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti Òbálẹ́ńdé lọ sí Alágbọn. Ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù Ìkòyí wà ní Alágbọn, èèyàn kì í sì í kàn dìde lọ síbẹ̀ mọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ náà ló ti ń san owó, kó tó lọ tẹ̀ka, kó sì ya fọ́tò. Ọmọ tó fẹ́ tẹ èsì JAMB, oníṣòwò tó fẹ́ forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, agbẹjọ́rò tó ń wá ìwé kan ní ọ́fíìsì rẹ̀ lójú ọ̀nà Awólọ́wọ̀, inú bíráúsà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ì báà jẹ́ Chrome, ì báà jẹ́ Firefox, ì báà jẹ́ Opera Mini tí ọ̀pọ̀ wa fi mọ íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù kékeré, ọjọ́ tó bá dákú, òwò dúró nìyẹn.

Ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Òbálẹ́ńdé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé láti kọ fọ́ọ̀mù páásípọ́ọ̀tù. Ìwé NIN rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó ká a mẹ́rin. Ọmọbìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jókòó." Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ọjọ́ ìbí, ó tẹ àdírẹ́ẹ̀sì. Wọ́n dé ojú ewé ìsanwó, ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà káàdì báńkì rẹ̀ sí i létí. Ọmọbìnrin tẹ bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì náà ṣá, kò lọ, kò bọ̀, ojú ewé sì funfun báláú. Ó tún un ṣí, "Aw, Snap!" ló kọ síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán kékeré kan tó fajú ro.

"Ẹ má bínú, mà. Ó ṣe ọ́pudéètì lálẹ́ àná ni."

"Ọmọ mi, ṣé owó mi ti lọ?"

"Mi ò tíì lè sọ, mà. Ẹ jẹ́ ká dúró de álẹ́ẹ̀tì."

Ìbéèrè ìyá yẹn ló bí mi nínú. Ẹni tó ṣe bíráúsà ò sí ní Òbálẹ́ńdé, kò ní gbọ́ ọ láéláé. Ọmọbìnrin náà kò sì jẹ̀bi, síbẹ̀ òun ló ń tọrọ àforíjì. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe dáadáa ni pé kò tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀. Bí bíráúsà bá kú sẹ́nu ìsanwó, ẹ má san lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ nọ́ńbà ìsanwó sílẹ̀ bó bá ti jáde, ẹ yẹ àkáǹtì wò lórí fóònù, kí ẹ sì fi bíráúsà mìíràn ṣí fọ́ọ̀mù náà wò bóyá ó ti gba owó. Owó tó bá ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ ẹni ló ń dá a padà, láti kàǹtà kan dé òmíràn.

Ìkòyí mọ àṣẹ òru. Níbí ni Dodan Barracks wà, ibẹ̀ làwọn ológun ti ń ṣèjọba Nàìjíríà títí wọ́n fi kó ìjókòó ìjọba lọ sí Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún 1991. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹrin, ọdún 1990, tí Gideon Orkar àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbàjọba tí kò bọ́ sí i, ìbọn dún ní Dodan Barracks, wọ́n sì ti gba ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìkòyí. Orí rédíò làwọn aráàlú ti gbọ́ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú ìgbà yẹn mọ bó ṣe ń rí kéèyàn sùn lábẹ́ òfin kan, kó jí sábẹ́ òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè. Ọ́pudéètì kò ní ìbọn, àmọ́ ìlànà rẹ̀ kò yàtọ̀: ó ti gorí àga tán kó tó kéde.

A-gorí-àga-ká-tó-gbórúkọ-rẹ̀,
A-kéde-lẹ́yìn-ìgbà-tó-ti-ṣe-é,
Ta ni ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ?
Ìgbàgbé tó bí ọ ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀:
Ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, aago kan òru lù ní Èkó,
Ìwé-ẹ̀rí kan kú mọ́ Firefox lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò rántí sọ ọ́ dọ̀tun,
Gbogbo àfikún tí èèyàn so mọ́ bíráúsà rẹ̀ kú tẹ̀ lé e.
Ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 2021, o kọjú sí fóònù Android.
Gmail ṣí, ó ṣubú. Áàpù mìíràn ṣí, ó ṣubú.
Onífóònù ń pa á, ó ń tàn án, kò mọ ohun tí òun ṣẹ̀.
Oṣù Kejì ọdún 2023, o yíjú sí ẹni tó ń lo Windows 7,
O ní Chrome 109 ni òpin ìrìn ìwọ pẹ̀lú rẹ̀.
A-já-tálákà-sílẹ̀-lójú-ọ̀nà, mo rí ọ.

Ti ọdún 2021 yẹn tó kéèyàn dúró lé lórí. WebView ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Inú fóònù ló wà, òun ni áàpù ń lò láti fi ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì hàn láìṣí bíráúsà gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Google fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé inú ètò tí wọ́n fi ń dán nǹkan tuntun wò fún Chrome àti WebView ni àṣìṣe náà ti wá. Wọ́n gbé ẹ̀dà 89.0.4389.105 jáde láti fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé, oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni kéèyàn lọ sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ (Settings) fóònù, kó yọ gbogbo ọ́pudéètì WebView kúrò, kí ti àtijọ́ padà. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí lẹ́tà wọn kà. Pípadà sẹ́yìn ló gbà wọ́n.

Ọ̀nà àbọ̀ yẹn gan-an ni wọn ò fún wa lórí kọ̀ǹpútà. Chrome kò ní bọ́tìnnì kan tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́ lè tẹ̀ kó bá ti àná lò. Láti Firefox 67, tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, bí ẹ bá fi ẹ̀dà àtijọ́ ṣí ẹrù (profile) tí ẹ̀dà tuntun ti fọwọ́ kàn, kò ní gbà, yóò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ẹ̀dà 67 kan náà ló ń ya ẹrù oníkálùkù sọ́tọ̀ fún Firefox kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí i, wọn ò rí páswọ́ọ̀dù, wọn ò rí ojú ewé tí wọ́n ti fàmì sí, wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ ti run. Kò run o. Ó wà nínú ẹrù àtijọ́: ẹ tẹ about:profiles sí ibi tí ẹ ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì sí, ẹ ó rí i níbẹ̀, ẹ ó sì lè yàn án padà.

Ní ti Windows 7, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń lò ó ló kún ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ẹni tó rà á fi owó àjọ rà á. Chrome 109 rẹ̀ ṣì ń ṣí, ṣùgbọ́n ìkànnì tuntun ń kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ń dí ihò ara rẹ̀ mọ́. Firefox 115 ESR ló fara dà á fún wọn pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ẹ ò bá tíì lówó ẹ̀rọ tuntun, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń gba àtúnṣe kí ẹ tó fi síbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ pa Ọ́pudéètì o. Olè ń wá ihò lára bíráúsà lójoojúmọ́, Ọ́pudéètì ló sì ń gbé amọ̀ tí wọ́n fi ń dí i wá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí káàdì báńkì rẹ̀ ń kọjá níbẹ̀ tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọ́pudéètì, owó ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Ẹjọ́ tí mo ń bá a rò ni pé ó ń wọlé láìkanlẹ̀kùn, bó bá sì ba nǹkan jẹ́, kò ní sọ ọ̀nà tí a lè gbà padà.

Títí àwọn tó ń ṣe bíráúsà yóò fi sọ ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ ká mọ bí a ṣe ń jí ẹni tó dákú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán ẹranko àtayébáyé, dáínásọ̀ inú Chrome, íntánẹ́ẹ̀tì ló lọ, bíráúsà kò ṣẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, MainOne, WACS, SAT-3 àti ACE ló fara gbá a, ọ̀pọ̀ báńkì ò sì ṣeé bá lò. Kò sí bíráúsà tó lè yanjú ìyẹn. Bó bá ní ìkànnì tí ẹ mọ̀ dáadáa kò ní ààbò, ẹ wo ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bátìrì róbótó bíńtín tó wà lórí pátákó inú rẹ̀ lè ti kú, kí NEPA múná lọ, kí ẹ̀rọ padà sí ọdún tó ti kọjá. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, ó lè parí síbẹ̀.

Bí kì í bá ṣe méjèèjì, ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀: Ctrl, Shift àti N nínú Chrome, tàbí P dípò N nínú Firefox. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ìkànnì náà bá ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé yẹn, bíráúsà fúnra rẹ̀ kò kú. Ohun tó ti kó jọ láti ọjọ́ yìí, tàbí àfikún kan tí a so mọ́ ọn, ni kò bá ẹ̀dà tuntun mu. Ẹ pa àwọn àfikún, ẹ máa tàn wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá mú un dákú, ẹ ti mọ ọ̀tá. Bí kò bá jẹ́ àfikún, ẹ nu fáìlì àti kúkì ti ìkànnì yẹn nìkan kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan ibi tó kọ páswọ́ọ̀dù sí. Fún Firefox, bí ẹ bá di Shift mú bí ẹ ti ń ṣí i lórí Windows, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ ṣí i láìsí àfikún. Nígbà mìíràn, dátà ló tán láàárín ọ̀nà tí ọ́pudéètì kò sì parí. Ẹ jẹ́ kó parí, ẹ pa gbogbo rẹ̀ dé, ẹ tún un ṣí.

Ọ̀rẹ́ Ọ́pudéètì kan tún wà tí mo fẹ́ kì, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe:

A-fọ́mátì-ká-tó-bi-í,
Bíráúsà ní orí ń fọ́ òun, o ní kí á gẹ́ orí.
Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta oníbàárà lọ ní wákàtí kan,
O na ọwọ́, o ní owó iṣẹ́ rẹ dà.

Kò sí bíráúsà tó dákú nítorí ọ́pudéètì tó yẹ kéèyàn fọ́mátì kọ̀ǹpútà fún kó tó dán gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí wò. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bíráúsà, ẹ fi ọ̀nà àbọ̀ síbẹ̀, kí ó hàn sí ọmọ Òbálẹ́ńdé bó ṣe ń hàn sí ẹnjiníà yín. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ má wọlé ní agogo tí èèyàn ń sanwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó ní Èkó, ẹ fi bíráúsà méjì sórí ẹ̀rọ kan, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù yín síbi tó fara sin lónìí, kí ẹ sì kọ́ ọmọ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà yín bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀.