Ọ̀gbẹ́ni Márùn-ún-Mẹ́sàn-án

Ẹ ó dá a mọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Suva, ní Fíjì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọkọ̀ lọ sí Tuvalu. Òun ni àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bá òṣìṣẹ́ tó ń wọn ẹrù jiyàn nítorí ọ̀pá gígùn kan tí kò fẹ́ wọ inú àpótí. Aṣọ ìpààrọ̀ tó kó dání kò tó nǹkan. Ìyókù ẹrù rẹ̀, wáyà ni, rédíò ni, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún rédíò ni, áńtẹ́nà ni. Ó lè jẹ́ ará Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ará Jámánì tàbí Japáànì. Ìwà kan náà ló pa gbogbo wọn pọ̀. Wọ́n wà lára àwọn tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, fún ìgbádùn, láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe eléyìí ní Ọ̀gbẹ́ni Márùn-ún-Mẹ́sàn-án. Ìdí orúkọ náà ń bọ̀ níwájú. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń wá lọ sí orílẹ̀-èdè tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 26 péré láàárín agbami Pàsífíìkì, á ní òun fẹ́ so ayé pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni. Àmọ́ bí a bá tẹ̀lé e débi tó ń lọ, tí a wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀, a ó rí i pé ayé tó ń so pọ̀ yìí kò fi dandan nílò èèyàn nínú.

Ìwé kan tí wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè sí ló lé e kúrò nílé. Ní 1935, Clinton DeSoto, ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé ìròyìn QST lórí bó ṣe yẹ kí onírédíò máa ka iye orílẹ̀-èdè tó ti bá sọ̀rọ̀. Ní 1937, ARRL, ẹgbẹ́ àwọn onírédíò Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí lé lórí, wọ́n pè é ní DXCC: kó ọgọ́rùn-ún jọ, o ti di ẹni ńlá. Lónìí, ọmọ ẹgbẹ́ 193 ni Àjọ Ìparapọ̀ àwọn Orílẹ̀-èdè ní, ṣùgbọ́n 340 ni ìwé Ọ̀gbẹ́ni wa kà. Kiribati tó gba òmìnira ní 1979 ní ààrẹ kan àti àsíá kan. Nínú ìwé yìí, mẹ́rin ni, torí pé òkun fẹ̀ láàárín àwọn erékùṣù rẹ̀. Èyí tó tiẹ̀ jù ni ti Scarborough, àwọn àpáta mélòó kan nínú Òkun Gúúsù Ṣáínà tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ní 2007, àwọn onírédíò kan pákó lé àpáta wọ̀nyí lórí, wọ́n gbé àga àti jẹnẹrétọ̀ sí i, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń pe gbogbo ayé. Ó sì kà! Àpáta tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí, àti Tuvalu tó ní èèyàn bí 11,000, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìwé. Ká má purọ́, àpáta ló dùn mọ́ wọn jù, torí pé òun ló ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó ní èèyàn lòun ń wá, ta ló ń wá lọ sórí àpáta?

Ẹ wo Funafuti, olú-ìlú Tuvalu, nírọ̀lẹ́. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú ń bà sí, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà là nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àárín ìlú gan-an ló wà, torí ilẹ̀ ò sí níbòmíràn. Nígbà tí ọkọ̀ ò bá ń bọ̀, òun ni pápá ìṣeré gbogbo ará ìlú. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọn á tú jáde: àwọn kan ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń fọwọ́ gbá tiwọn lápá kejì, àwọn mìíràn jókòó síbẹ̀ ń gba atẹ́gùn. Àsìkò yẹn náà ni ìpele òfurufú tó ń gbé ìgbì rédíò mì lọ́sàn-án ń tú ká, tí ìgbì tó gùn á wá máa rìn jìnnà lórí òkun. Nítorí náà, nígbà tí ìlú bá jáde ni Ọ̀gbẹ́ni wa á ti ilẹ̀kùn, á fi ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀: onílé ìtura tó bá gbọ́n kò ní fi ẹja lọ̀ ọ́, iná mànàmáná ni kó bi í, ṣé ó tó.

Kí ló wá ń sọ? Á pe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, tí T2 ti Tuvalu bẹ̀rẹ̀, á sì gbọ́ èsì lókè díẹ̀ sí ibi tó ti sọ̀rọ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn láti Japáànì, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà á dáhùn pa pọ̀. Yóò mú lẹ́tà méjì nínú ariwo náà, á ní kí ẹni tó ni wọ́n tún un pè. Onítọ̀hún á pè é. «Márùn-ún-mẹ́sàn-án.» «Márùn-ún-mẹ́sàn-án, o ṣeun.» Ó parí. Márùn-ún túmọ̀ sí pé mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mẹ́sàn-án, pé ohùn rẹ lágbára gan-an. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń kú lọ, tó tún orúkọ pè lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó gbọ́ ọ, márùn-ún-mẹ́sàn-án náà ni. Tó bá mọṣẹ́, á ṣe ju ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ lọ ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òjò ti rọ̀, ní ìlú tó jẹ́ omi òjò ni wọ́n ń gbè mu. Láti 2017 sì ni FT8 ti dé, èyí tí Joe Taylor, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1993, bá wọn ṣe: kọ̀ǹpútà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹnu ọ̀gá ti wá ráyè jẹun.

Àwọn onírédíò á ní iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò rọrùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Mímú orúkọ kan nínú ariwo yẹn, ẹ̀bùn etí ni. Ṣùgbọ́n bí ohun kan ṣe le tó kò sọ ohun tó wà fún. Wọ́n á tún ní rédíò ló so ayé pọ̀ nígbà tí òṣèlú pín in níyà, èyí sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì ń wo ara wọn níwòkuwò, káàdì tí àwọn onírédíò fi ń jẹ́rìí pé àwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ ń gba Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 88 ní Mọ́síkò wọlé, ó ń gba ibẹ̀ jáde, ẹni tó rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ gbà sì mọ̀ pé èèyàn wà lódì kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ògiri ni àwọn yẹn wà. Ọ̀nà mìíràn ò sí fún wọn. Èyí tiwa ti dé ìlú, ará ìlú ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ń bá ará Ohio ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ní ti pé onírédíò ń gbani nígbà àjálù, òótọ́ ni, àmọ́ onírédíò tó ń gbé ìlú náà ni, tó ní bátìrì tirẹ̀. Ìjì kì í bá tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ṣàdéhùn.

Ó ku ọ̀kan: pé owó ara rẹ̀ ló ń ná. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn-àjò ńlá sí erékùṣù tí kò léèyàn lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là, wọ́n sì ń tọrọ nínú rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ẹni tó dáwó ni ẹ̀rí tirẹ̀ ń kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó fẹ́ káàdì kíákíá á fi dọ́là sínú àpòòwé. Ìwé orílẹ̀-èdè yẹn ní ẹ̀yìn pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ilẹ̀ tó ti kúrò láyé sí: Ìlà-oòrùn Jámánì wà níbẹ̀ láti 1990. Tuvalu kò ga tó mítà márùn-ún níbikíbi. Ní 2023 ó bá Ọsirélíà fọwọ́ sí àdéhùn tó fún èèyàn 280 láàyè lọ́dọọdún láti lọ máa gbé lọ́hùn-ún, torí òkun tó ń gùnkè. Fún ará Funafuti, ọ̀rọ̀ sàréè baba rẹ̀ nìyẹn. Fún Ọ̀gbẹ́ni Márùn-ún-Mẹ́sàn-án, òfin ìwé ti mú ìdáhùn wá: bí Tuvalu bá bọ́ sẹ́yìn ìwé, ẹni tó ti gbà á yóò máa kà á mọ́ àpapọ̀ tirẹ̀ lọ títí, ẹni tí kò tíì gbà á ló yẹ kó ṣe kíá.