Oríkì Páwàbáǹkì, Agbaná-má-dá-a-padà

Ìwọ Páwàbáǹkì, ọmọ Agbaná-má-dá-a-padà, ìwọ tí àtẹ́lẹwọ́ kan gbà tán tí o sì ń fọ́nnu ju ìsédò Kàíńjì lọ, mo dìde láti kí ọ kíkí tí a ń kí ẹni ńlá, nítorí pé láti ọjọ́ tí o ti wọ ilẹ̀ yìí, tí olówó ti ń gbé ọ ka orí tábìlì, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tí ìyálọ́jà ń dì ọ́ mọ́ owó nínú ìró, n kò tíì gbọ́ kí akéwì kan jókòó kí ó dá ọ lọ́lá bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní orúkọ ní í ro ọmọ, oríkì ní í ro ènìyàn, ẹ̀dá tí ó sì ti gbé oríkì ara rẹ̀ kọ sí àyà gàdàgbà kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ohun ìtìjú ni fún gbogbo wa bí a kò bá bá a kì í dé òpin.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí mo bá wo ilé tí o ti jáde wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kí n dọ̀bálẹ̀, nítorí ọmọ ọlọ́lá ni ọ́: Whittingham ló kọ́kọ́ fi han ayé pé lítíọ́mù lè ṣiṣẹ́ nínú bátìrì tí a ó máa ṣáájì tí a ó máa lò, Goodenough bọ́ sí i ó fi agbára kún agbára rẹ̀, Akira Yoshino ọmọ Jàpáàn wá tù ú lójú títí ó fi di ohun tí ènìyàn lè gbé sápò láìbẹ̀rù, ní 1991 ni ilé iṣẹ́ Sony gbé e dé ọjà, nígbà tó sì di 2019 wọ́n pe àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Stockholm láti gba ẹ̀bùn Nobel, Goodenough ti di ẹni ọdún 97 nígbà náà, kò sì sí ẹni tó dàgbà tó o tí ó gba ẹ̀bùn náà rí. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni o ti wá, ìwọ tí o ń kú nígbà tí fóònù wà ní ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣe tán, ẹni tó bí ọmọ là ń mọ̀, a kì í mọ ohun tí ọmọ yóò dà.

Òkùnkùn ló fi ọ́ jọba. Ní ìlú tí iná kì í ti í lọ, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ọ́, ọjọ́ ìrìnàjò nìkan ni wọ́n ń rántí rẹ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ iná NEPA sílẹ̀ ní 1972, tí wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, tí wọ́n pín in tà fún àwọn oníṣòwò ní 2013, tí orúkọ sì ń yí padà tí gílóòbù kò mọ̀ pé ohunkóhun yí, tí àwọn ọmọdé ṣì ń ké “Up NEPA!” fún ohun tí ó ti kú kí wọ́n tó bí wọn, ìwọ ni ọba, ìwọ ni a kọ́kọ́ ń bọ́. Bí iná bá dé lóru fún wákàtí mélòó kan, ìyá á jí, á fà ọ́ mọ́ ògiri kí ó tó wo fìríìjì, nítorí ó mọ̀ pé o kì í tètè yó: bí o bá jẹ́ ẹlẹ́gbàáwàá, 20,000 mAh, tí ẹnu tí o fi ń mu iná sì jẹ́ ámpù kan péré, wákàtí tí o ó fi jẹun yóò ju 15 lọ. Ní oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba fi owó kún owó iná àwọn tó wà ní Band A, wọ́n sì ṣèlérí pé wọn yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán. Àwọn wọ̀nyí nìkan ni wọ́n lè bọ́ ọ yó, àwọn wọ̀nyí nìkan náà sì ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ. Ajẹun-nílé-ọlọ́rọ̀-sun-ilé-tálákà, mo kí ọ.

Jẹ́ kí n wá kí ọ dé ìdí nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà ni ilà ojú rẹ. Àwọn olóòótọ́ wà nínú ẹbí yín, n kò ní fi irọ́ gba ẹ̀tọ́ wọn. Bí wọ́n bá kọ 10,000 mAh sára, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó gba àlàyé ni, nítorí pé fóltì 3.7 ni bátìrì inú wọn fi ka ẹgbàárùn-ún náà, fóònù sì ń retí fóltì 5 lẹ́nu wáyà, nígbà tí a bá sì gbé 3.7 gun 5, ohun tó jẹ́ 10,000 ti sọ̀ kalẹ̀ di 7,400. Ẹ̀rọ tí ń gbé fóltì sókè á jẹ ìpín tirẹ̀, á sọ ọ́ di ooru, wáyà náà á bù jẹ, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni fóònù á kù bí 6,000 àti díẹ̀. Mo ti bá akápò ìjọ rìn, mo sì ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, n kò sì tíì rí ẹni tí a kó 10,000 fún, tí ó dá 6,000 padà, tí olówó sì dúpẹ́, tí ó ní ẹni re ni, tí ó tún lọ fi í han ẹbí.

Ọmọlúàbí inú yín nìwọ̀nyẹn o. Ìwọ tí mo ń kí kò sí lára wọn. Ìwọ ni o kọ 50,000 sí àyà pẹ̀lú lẹ́tà wúrà. Bátìrì roboto tó wọ́pọ̀ jù nínú ìdílé yín, èyí tí wọ́n ń pè ní 18650 nítorí pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní 65, èyí tó dára jù nínú rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí 3,500 lọ. Kí 50,000 tó pé, a ní láti to 15 irú rẹ̀ jọ, ìwúwo àwọn bátìrì náà nìkan á sì ju gíráàmù 600 lọ kí a tó de ike bò wọ́n. Ìwọ sì wọ inú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì kò sì sọ̀. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ gbọ́n, wọ́n mọ̀ pé oníbàárà lè gbé àwọn wò kí ó tó sanwó, nítorí náà nígbà tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe bá fi ọ̀bẹ la irú wọn, bátìrì gidi kan ni wọ́n ń bá, èkejì rẹ̀ tí ó wọ aṣọ kan náà jẹ́ iyanrìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ó bá jẹ́ pé iyanrìn ni wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n kọ 50,000, mo gbà pé wọn kò ka ìdajì.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń fà ọ́ lé ènìyàn lọ́wọ́ náà ní ọlá tirẹ̀. Yálà ní Ìkẹjà ni o, yálà ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ọ dání á ti wo ojú ẹni tí ń bọ̀, á sì ti mọ̀ pé iná kò sí ní àdúgbò rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ojúlówó ni o. Ẹ má wulẹ̀ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ mú fóònù yín wá.” Yóò ki wáyà bọ̀ ọ́, àmì mànàmáná á yọ lójú fóònù, á gbé e sókè kí gbogbo ọjà lè rí i: “Ẹ wò ó, iná ń wọlé!” Bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè pé bí kò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní ibi tí òun máa ń dúró sí lójoojúmọ́ nìyí, ta ni kò mọ òun. Bí ẹ̀gbọ́n bá sì padà wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí orí rere ràn án lọ́wọ́ tí ó bá a, ọmọkùnrin náà á fi ọ̀wọ̀ gba ọ́, á yí ọ padà lẹ́ẹ̀mejì, á ní, “Ẹ ti lò ó, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan tí ẹ ti lò!” Bí ẹni pé àṣìlò ni kí ènìyàn lò ọ́.

Olójú-mẹ́rin-tí-kò-ríran! Iná aró mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo ń kí. Bí a bá tẹ ọ́ ní òwúrọ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á là pẹ̀lú ìgboyà. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, tí arábìnrin kan wà ní ibùdókọ̀ tí ó ń ka nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ fún ẹni tó jẹ ẹ́ lówó láti ọjọ́ pípẹ́, tí fóònù rẹ̀ wà ní ìdá mẹ́rin, tí ó sì fi wáyà so yín pọ̀, yóò rí i tí fóònù dé mẹ́jọ, ìfọ̀kànbalẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ó dé mọ́kànlá, ojú rẹ kan á pa. Kí ó tó ka nọ́ńbà keje, mẹ́ta tó kù á pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Á tẹ ọ́, o kò dáhùn. Á gbọ̀n ọ́, á yí wáyà síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di irun de yín mọ́ra. Iná kan á ṣẹ́jú, á sì padà sùn. Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ ní fóltì ni ojú rẹ ń wò, kì í wo ohun tó wà nínú ìkòkò, àti pé bátìrì tó ti gbó a máa gbé fóltì rẹ̀ ga nígbà tí kò bá ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹrù bá ti gùn ún lẹ́yìn ni yóò wó. Akíkanjú ọjọ́ tí ogun kò sí, ẹni tó ń fọ́nnu nílé tí ó ń sùn lójú ìjà, bí wọ́n ṣe dá ọ nìyẹn, n kò bá ọ wí.

Ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí wọ́n ti gba oríkì rẹ gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni pápákọ̀ òfurufú. Òfin tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ni pé o kò gbọdọ̀ sí nínú àpótí tí ń lọ sí ikùn ọkọ̀, ọwọ́ olówó rẹ ni kí o wà. Bí agbára rẹ kò bá ju wáàtì-wákàtí 100 lọ, kí o kọjá. Bí ó bá wà láàárín 100 sí 160, kí ọlọ́kọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, kí o dúró sílé. A wá ṣírò 50,000 ní fóltì 3.7, ó di 185. Òṣìṣẹ́ ààbò á ka àyà rẹ, á gbà ọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, á gbé ọ sọ́tọ̀ bí alágbára, olówó rẹ kò sì ní lè la ẹnu sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni wọ́n kọ sí i.”

N kò sì fi ẹ̀rù wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló la akọ àti abo inú bátìrì rẹ láàárín. Bí awọ náà bá ya, tàbí tí wọ́n ṣe é láìdára láti ilé, akọ àti abo á kanra, ooru á bí ooru, ohun tí ó kọ̀ láti fún fóònù ní iná ìdá márùn-ún á wá fún gbogbo ilé ní iná. Ní 28 oṣù kìn-ín-ní 2025, ọkọ̀ òfurufú kan jó lórí ilẹ̀ ní pápákọ̀ Gimhae ní Busan, ní Kòríà Gúúsù, èrò inú rẹ̀ jáde láàyè, Ọlọ́run ló ṣe é. Àwọn olùwádìí sì tọ́ka sí páwàbáǹkì gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣeé ṣe kó dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 28 oṣù kẹfà ọdún náà, China tí a ti bí púpọ̀ nínú yín ní èyí tí kò bá ní àmì 3C ti ìjọba àwọn lára kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú láàárín ìlú àwọn mọ́. Ọmọ tí ilé baba rẹ̀ kọ̀, Nàìjíríà gbà á, ó fún un ní àtẹ.

Ṣùgbọ́n oyè tí ó yẹ ọ́ jù, ti àbíkú ni. Nígbà tí o bá wú bí o ti ń wú, tí ike rẹ là lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí olówó rẹ gbé ọ jù sí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, oníkọ̀ǹdẹ́mù á fi ọmọlanke kọjá lójú pópó, á gbé ọ lé ìwọ̀n, òun nìkan ni yóò sì sanwó ohun tí o tó gan-an. Níbẹ̀ ni wàá ti pàdé ẹgbẹ́ rẹ, àwọn bátìrì tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù tó ti sin ọ̀gá rẹ̀ tán ní òkè òkun kí ó tó wọ inú kọ̀nténà. Wọ́n á ṣà yín lẹ́sà, wọ́n á bọ́ aṣọ àtijọ́ lára yín, wọ́n á fi ọ̀rá aláwọ̀ tuntun wé yín, wọ́n á to yín sínú ike mìíràn. Àwọn baba wa a máa sá òkú àbíkú lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún yà sílé, ṣùgbọ́n ta ni yóò sá ọ lára, nígbà tí ó jẹ́ pé awọ ara rẹ gan-an ni wọ́n ń pààrọ̀? Kòsọ́kọ́, Dúrósinmí, Ìgbẹ́kọ̀yí, gbogbo rẹ̀ ni o ń jẹ́, o kò sì dáhùn sí ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ní ó ti lò ọ́ á tún padà wá sọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, ọmọkùnrin kan á nà ọ́ sí i nínú páálí tí ń dán, ẹ̀gbọ́n á wo àyà rẹ, inú rẹ̀ á sì dùn pé àwọn onímọ̀ kò sùn. Káàbọ̀, Málomọ́. Wọ́n ní o ti di 60,000.