Ebi Inú Agolo

"Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, ta ni yóò sì bá wọn jiyàn? Ẹni tó bá ti yó, bí òrùlé rẹ̀ ń jò, bí bàtà rẹ̀ ti já, yóò ṣì rí ẹ̀rín rín. Ohun tí wọn kò rò ni pé àwọn ọlọ́gbọ́n kan ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la tí yóò yọ ebi náà kúrò nínú ìṣẹ́ lóòótọ́, tí wọn yóò lọ̀ ọ́ kúnná, tí wọn yóò bu adùn fàníílà sí i, tí wọn yóò dì í sínú agolo, tí wọn yóò sì máa tà á. Ebi ń pa tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Olówó ló ń fowó ra tirẹ̀.

Nínú gbogbo ìlú ilẹ̀ Yorùbá, Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni irú ọjà yìí, ìyẹ̀fun tí a ń pò mu dípò oúnjẹ kí a lè rù, kò yẹ kó ti rí oníbàárà. Kétu mọ ebi lójú. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, dó ti ìlú náà. Kétu ní odi, ó ní yàrà, ó ní ẹnubodè Àkàbà Ìdènà tí àwọn àlejò ṣì ń lọ wò títí dòní. Ìbọn nìkan kò ká a. Àwọn ará Dàhòmì jókòó sẹ́yìn odi títí oúnjẹ fi tán nínú ìlú, ebi sì bá wọn ṣe iṣẹ́ tó kù. Ká ní ẹnìkan gbé agolo dé ẹnu odi lọ́dún náà, tó ní "ẹ mu èyí, ẹ ó rù sí i," Alákétu ìbá ti mọ ibi tí yóò ju agolo náà sí, àti ẹni tó gbé e wá.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó là á já ń dìde lónìí kí àkùkọ tó kọ, ó ń sáré lójú ọ̀nà Pobẹ̀. Àgbábọ́ọ̀lù ni, kò tíì pé ogún ọdún, kò sì sí ọ̀rá lára rẹ̀ tí ó tó fi din ẹyin kan. Síbẹ̀ ó ti rí fọ́tò lórí WhatsApp: ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ pín sí mẹ́fà, tó gbé ife dání. Ó sì ti gbọ́ nípa àwọn ìràwọ̀ òkèèrè. Kò purọ́: ilé-iṣẹ́ Herbalife tó ń ta irú agolo bẹ́ẹ̀, tí Mark Hughes dá sílẹ̀ ní Los Angeles lọ́dún 1980, kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà aṣọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù LA Galaxy láti 2007, ó sì fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Cristiano Ronaldo lọ́dún 2013. Ife ni wọ́n fi hàn ọmọ wa. Wọn kò fi alásè Ronaldo hàn án.

Ẹni tó ń ta agolo náà kò jìnnà. "Àbúrò, mu ún dípò oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, oṣù kan péré, ara rẹ á fúyẹ́." Àbúrò bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin náà ń mu ún?" Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó yọ síta, ó ní kí a padà sórí ọ̀rọ̀ owó.

Mo gba irú agolo bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ara rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé ojú àgbà ní láti fún pọ̀ kó tó rí i. Èkíní: purotéènì ẹ̀wà sóyà. Èkejì: maltodextrin, ìyẹn sítáàṣì tí wọ́n sábà ń fi àgbàdo ṣe. Lẹ́yìn náà wàrà gbígbẹ, ṣúgà, adùn, fítámì. Sóyà àti àgbàdo! Ní Kétu, níbi tí àgbàdo ti ń gbẹ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú ìlú! Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ rí i pé a ń kó sóyà tútù ránṣẹ́ sókè òkun lọ́pọ̀ yanturu, ó sì fòfin dè é lọ́dún 2024 pé kí a máa ṣiṣẹ́ lé e lórí nílé kó tó jáde. Ìjọba kò mọ̀ pé ọmọ wa ti ń dúró de èyí tó ti jáde tẹ́lẹ̀ kó padà bọ̀ nínú agolo. Ó gba iwájú ìyá elẹ́kọ kọjá, ó gba iwájú ẹni tó ń din wàrà sóyà kọjá, ó lọ ra ẹ̀kọ àti sóyà lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ ṣúùtì.

N kò sọ pé májèlé ni. Codex Alimentarius, tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀, ti là á sílẹ̀ láti 1991 pé ohun tó bá pe ara rẹ̀ ní adípò oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní kálórì 200, kò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ. Kò sí idán níbẹ̀, oúnjẹ kékeré ni. Ẹni tó sanra jù, tí dókítà ń tọ́ sọ́nà, agolo á bá a ka kálórì tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni 60 kílò tó sá kìlómítà 15 ti ná nǹkan bíi kálórì 900 kí oòrùn tó gókè. Ó ná 900, ó gba 200. Ìyá rẹ̀ ìbá ṣòwò bẹ́ẹ̀ lọ́jà, gbèsè ìbá ti lé e wọlé. Ara náà mọ gbèsè í san: ẹran ara ni yóò fi san án, àti eegun. Lọ́dún 2014, Ìgbìmọ̀ Olímpíìkì Àgbáyé kìlọ̀ fún àwọn eléré tó ń jẹun tí kò tó iṣẹ́ wọn: eegun á máa ṣán, nǹkan oṣù obìnrin á dúró, agbára ọkùnrin náà á lọ sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ sáré sínú ọ̀rọ̀ yìí ti rí i. Lọ́dún 1976, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Robert Linn, gbé ìwé The Last Chance Diet jáde, àwọn ènìyàn sì ń pa oúnjẹ tì, wọ́n ń mu purotéènì olómi. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Awọ àti iṣan màlúù tí wọ́n kó ní ilé ìpẹran. Omi pọ̀nmọ́, ẹ̀yin ará mi! Pọ̀nmọ́ tí kò ní ata, tí kò ní iyọ̀, tí kò ṣe é jẹ lẹ́nu. Àwọn tó lé ní 50 ló kú lára àwọn tó ń mu irú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn nítorí ọkàn tó kọ̀ láti lù mọ́. Ní òpin 1997, àwọn ajàkadì mẹ́ta ní yunifásítì Amẹ́ríkà kú láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi òógùn àti àìmumi lé kílò lára.

Àwọn ẹni tí òṣùwọ̀n ń dá lẹ́jọ́ ni mo káàánú jù. Vinesh Phogat, ajàkadì ará Íńdíà, dé ìpele àṣekágbá ní Olímpíìkì Paris lọ́dún 2024 nínú ẹ̀ka 50 kílò. Ó sáré mọ́jú, wọ́n gé irun rẹ̀. Gíráàmù 100 ni wọ́n fi lé e kúrò, kò tó ẹ̀kọ kan nínú ewé.

Ewu mìíràn wà tí fọ́tò WhatsApp kì í sọ. Àwọn onímọ̀ ìlú Cologne ní Jámánì ṣàyẹ̀wò oríṣi àfikún oúnjẹ 634 tí wọ́n rà ní orílẹ̀-èdè 13; nínú 94, wọ́n bá èròjà homonu tí a kò kọ sára ike, irú èyí tí a fòfin dè fún eléré. Àjọ tó ń gbógun ti oògùn tí a fòfin dè nínú eré ìdárayá kì í sì gba "n kò mọ̀" láti wẹ èsì mọ́: ohun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ rẹ, tìrẹ ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin kóòṣì Kétu, Pobẹ̀ àti Sàkétẹ́, ẹ jọ̀wọ́. Ẹni tó ń ja júdò tàbí ẹ̀ṣẹ́, tó sì ní láti bọ́ sí ẹ̀ka kan, ẹ bá a bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kó máa sọ̀kalẹ̀ ní ìdajì kílò lọ́sẹ̀, kó máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀, kó máa mu omi rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbábọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ẹ bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀ kí ẹ tó bi í pé kílò mélòó ni. Wọn kì í gbé ẹnikẹ́ni ka òṣùwọ̀n kó tó wọ pápá bọ́ọ̀lù.