Ẹ Béèrè Ibi Tí Oòrùn Ti Pa Á

Ẹ bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa o. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ tí kò bá kàn mí, èmi kì í yọjú sí i. Ibi tí mo ń pàtẹ ata sí lẹ́nu géètì ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ máa gba iwájú mi kọjá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò Bàbá Ìbejì yìí, bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, inú mi á wú.

Mọ́tò tí kì í mu epo ni. Bátìrì ló ń lò láti òkè délẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì ń dán débi pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ń wo ara gíláàsì rẹ̀ wé gèlè ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Lọ́jọ́ tí ó gbé e wọlé, Bàbá Ìbejì pe gbogbo wa jọ, ó ní tí bátìrì bá ti kún, mọ́tò náà á lọ Abẹ́òkúta láti Ìbàdàn níbí, á sì padà wálé láìgba nǹkan kan sẹ́nu. A kí i kú oríire. A jẹ ìrẹsì.

Ó gbé tọkọtìyàwó lọ òde ní Abẹ́òkúta lóòótọ́. Bíbọ̀ ni kò lè bọ̀. Ọ̀dẹ̀dá ló kú sí, a sì mọ̀ pé Ọ̀dẹ̀dá kò jìnnà sí Abẹ́òkúta rárá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé e dé lóru, aṣọ òde ṣì wà lọ́rùn Ìyá Ìbejì. Ṣé ẹ rántí aṣọ yẹn? Elésè àlùkò tí ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí àwa sì ti rí lọ́rùn àbúrò rẹ̀ níjọ́ ìkómọ? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá Bàbá Ìbejì ti rí ẹni tí ó máa dá lẹ́bi. Ó ní A.C. tí ìyàwó ọmọ òun tàn láti ilé dé òde, tí kò sì pa, ló jẹ bátìrì tán. Ó ní ọmọ tí wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ tọ́ dàgbà, kí ló fẹ́ fi A.C. ṣe? Ìyá Ìbejì bú sẹ́kún. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ti di ti ìdílé.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà ló bá wa là á. Ó ní A.C. ń jẹun lóòótọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán mọ́tò oníbátìrì márùn-ún wò ní 2019. Nínú ooru 35°C, irú èyí tí oṣù kẹta máa ń fi jẹ wá níyà n'Íbàdàn, tí wọ́n bá tan A.C., nínú ọ̀nà 100 tó yẹ kí mọ́tò náà rìn, 17 á dín. Tí wọn ò bá tàn án, 4 péré ló ń dín. Ó ní kí ìyá ọkọ bá òun ṣe ìṣirò: mọ́tò tí wọ́n ní yóò rin kìlómítà 160, kí A.C. mú 17 nínú 100 rẹ̀, ó yẹ kó ṣì lé ní 130. Láti ibí lọ Abẹ́òkúta, kí a tó padà dé Ọ̀dẹ̀dá, bí àádọ́rùn-ún ni. Ta ló wá gbé ogójì yòókù?

Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá ọkọ ní òun fẹ́ lọ mu omi.

Ibi tí A.C. ti ń di olè gan-an ni inú gosilóò. Yúníìtì ni wọ́n fi ń wọn bátìrì mọ́tò, yúníìtì kan náà tí à ń rà sí mítà (ẹ má jẹ́ kí n rántí mítà ilé yìí, torí mo mọ ẹni tó ń lọ aṣọ ní agogo méjì òru, tó sì ń dá iye kan náà pẹ̀lú èmi tí mi ò ní ju gílóòbù méjì lọ). Táyà tí kò yí kì í jẹ yúníìtì. A.C. ní tiẹ̀, wákàtí ló ń kà, kò kàn án bóyá ẹ ń sáré tàbí ẹ dúró ní Mọ́kọ́lá ẹ ń wo ẹni tó ń ta gúgúrú. Àmọ́ ohun tí A.C. jẹ lónìí, tí ẹ bá tún ṣááji lálẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà. Ohun tí oòrùn bá gbà lọ́wọ́ bátìrì fúnra rẹ̀ ni kì í padà.

Ọmọ yẹn ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní nínú bátìrì, nǹkan kan wà tó ń jẹ́ lítíọ́ọ̀mù. Tí mọ́tò bá ń lọ, á máa gba inú omi kẹ́míkà kan rin láti apá kan sí èkejì. Tí ẹ bá ń ṣááji, á padà síbi tó ti wá. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lápá kan níbẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Tí ooru bá pọ̀ jù, awọ náà á máa nípọn sí i, á sì máa há lára lítíọ́ọ̀mù mọ́ra. Èyí tó bá ti há síbẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láé. Tí bátìrì bá wá kún dẹ́múdẹ́mú tí ẹ sì gbé e sójú oòrùn, ìyà rẹ̀ di méjì. Kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, torí mọ́tò lè dúró sójú kan láìlọ ibì kankan, kí bátìrì rẹ̀ máa gbó lọ.

Ìgbà yẹn ni mo dá sí i. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, níbo ní Amẹ́ríkà?" Ó ní Arizona. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Àṣé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí bátìrì ń fẹ́ gbé! Ní Phoenix, olú ìlú Arizona, ní 2023, ọjọ́ 31 gbáko ni ooru ọ̀sán fi ń dé 43°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí ọjọ́ kan tó yẹ̀ láàárín. Ibẹ̀ náà ni àwọn tó kọ́kọ́ ra Nissan Leaf ti figbe ta ní 2012. Leaf ní ìlà kéékèèké 12 tó ń sọ bí agbára bátìrì ṣe kù sí. Tí ọ̀kan àkọ́kọ́ bá ti kú, bí 15 nínú 100 ti lọ nìyẹn. Ìlà àwọn ará Phoenix ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mọ́tò wọn ṣì tuntun. Bátìrì Leaf ìgbà yẹn kò ní omi tó ń tù ú lára bí ti Tesla. Afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà nìkan ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ilé iṣẹ́ náà gbà pé tí ìlà bá wá sílẹ̀ ju 9 lọ kí ọdún márùn-ún tó pé, tàbí kí mọ́tò tó rin máìlì 60,000, àwọn á tún bátìrì náà ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fi èyí tó lè fara da ooru sínú ti ọdún 2015, àwọn ènìyàn sì sọ ọ́ ní bátìrì alángbá, torí ẹ̀rù oòrùn kì í ba alángbá.

Mi ò sọ pé irú mọ́tò yẹn ni Bàbá Ìbejì rà o. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo sọ ni pé gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Òtútù ńkọ́? Àwọn AAA yẹn náà dán òtútù tó kọjá ti yìnyín wò, tí wọ́n tan ẹ̀rọ amúlémóoru sí i, 41 ló dín nínú 100. Ó ju ti oòrùn lọ fíìfíì! Àmọ́ tí ojú ọjọ́ bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, púpọ̀ jù nínú rẹ̀ á padà. Ẹ wo Norway, ilẹ̀ yìnyín, ní 2024, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kí mẹ́sàn-án jẹ́ oníbátìrì. Bátìrì mọ́tò tó ti ibẹ̀ wá lè sàn ju ti Arizona lọ, kódà bó bá ti rìn jù ú lọ.

Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun ọ̀kadà oníbátìrì Spiro kò tilẹ̀ ní irú ìṣòro yìí. Tí bátìrì bá ti fẹ́ tán, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á já èyí tó tán sílẹ̀, wọ́n á gba èyí tó kún. Gbígbó bátìrì di ẹ̀fọ́rí ilé iṣẹ́.

Bàbá Ìbejì wá ń béèrè ohun tí òun lè ṣe sí èyí tó kù. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ní kó máa gbé e sábẹ́ ibòji, kó máa ṣááji lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, kó má jẹ́ kó kún kọjá bí 80 nínú 100 àyàfi tó bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Àmọ́ NEPA ò gbọ́ ọ! Ọ̀sán gangan niná ń dé ládùúgbò wa. Ibòji kan ṣoṣo tó sì wà nínú ọgbà, abẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé àdògán rẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lórí ibòji yẹn, mo ń mú ìtàn rẹ̀ bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin náà ẹ wá rò ó. Tí ọmọ yín bá fẹ́ gbéyàwó, ṣé ẹ kì í ránṣẹ́ lọ wádìí ìdílé? Ẹ ò ní béèrè irú àìsàn tó wà nílé wọn àti ibi tí ọmọ náà gbé dàgbà? Ta ni ẹ ń rán? Ẹni tó mọ ẹnu í bi ni. Bàbá Ìbejì béèrè àwọ̀, ó béèrè kìlómítà, ó béèrè rédíò. Kò béèrè ibi tí oòrùn ti pa mọ́tò. Gbogbo ilé sì ń pè mí ní olófòófó! Ká ní ó fi òfófó díẹ̀ kún owó rẹ̀ ni, mọ́tò rẹ̀ kò ní kú sí Ọ̀dẹ̀dá.

Lánlọ́ọ̀dù ti gbọ́ o. Òun náà fẹ́ ra tirẹ̀, ó sì yọ́ wá bá mi nídìí ata lánàá pé kí n bá òun wádìí ọ̀kan tí wọ́n ní ó ti Kánádà wá. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ iye tó máa dín nínú owó ilé mi.