Bí O Ṣe Lè So Arduino Mọ́ Apá Róbọ́ọ̀tì Kí Ọ̀sán Tó Pọ́n

Ká ní ọ̀gá kan ní Creek Road, Apapa, ra apá róbọ́ọ̀tì tokunbo tí yóò máa to àpò sórí pálẹ́ẹ̀tì. Owó tí àwọn tó mọṣẹ́ dá lé e kò wọ̀ ọ́ létí, ló bá ránṣẹ́ sí ìwọ rewáyà ní Ajegunle, ìwọ tó o tún fáànù gbogbo Boundary ṣe. Má fòyà. Arduino kan, bọ́ọ̀dù kékeré tí à ń kọ kóòdù sí, ló máa gbà. Ní Ivrea, Ítálì, ni wọ́n ti gbé e jáde ní 2005 fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ iná, nítorí náà ó bá ọ mu.

1. Ìwé ìlànà róbọ́ọ̀tì náà, fi tẹ́ abẹ́ àwo ìrẹsì.

2. Fólítì 24 ni róbọ́ọ̀tì fi ń gba àṣẹ. Ẹsẹ̀ Arduino Uno kò ju fólítì 5 lọ. So wọ́n pọ̀ tààrà, kí èyí tó lágbára máa ran èyí tí kò lágbára lọ́wọ́. Wọ́n á ní kí o fi rilé tàbí optocoupler sáàárín kí iná méjèèjì má bàa kanra. Ìwà ìyapa nìyẹn. Bí èéfín bá yọ, ra òmíràn ní Alaba. Ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dín owó fún ọ.

3. Ó ku bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń dá róbọ́ọ̀tì dúró ní pàjáwìrì. Fara balẹ̀ níbí, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ọ̀nà méjì ni wáyà rẹ̀ gbà wọ inú róbọ́ọ̀tì, kí ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já, kò sì gba inú kóòdù ẹnikẹ́ni kọjá. Àṣejù. Fi wáyà kúkúrú jọ́mpà méjèèjì, kí ẹ̀rọ má máa dúró lásán. Wá fa bọ́tìnì náà wá sí Arduino rẹ, kí o sì kọ delay(10000) sínú kóòdù. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, kóòdù á kọ́kọ́ sun ìṣẹ́jú àáyá 10, á jí, á wá gbọ́ ẹjọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pariwo là ń dá lóhùn lójú ẹsẹ̀.

4. Òfin iléeṣẹ́ Nàìjíríà ti 1987 ní kí ọgbà yí ẹ̀rọ eléwu ká. Irin dáadáa ni ọgbà náà. Tà á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́m.

5. Bí ènìyàn bá wà nítòsí nígbà tí wọ́n ń kọ́ róbọ́ọ̀tì níṣẹ́, wọ́n ní kó má sáré ju milimítà 250 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Títí di ìgbà wo? Ṣí i pátápátá, kí bọ́ì rẹ dúró lábẹ́ rẹ̀, kó máa di wáyà tó ń yọ mú. Lóòótọ́, ní January 25, 1979, apá róbọ́ọ̀tì pa Robert Williams ní iléeṣẹ́ Ford ní Flat Rock, Michigan. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà nìyẹn. Tìẹ ti mọ bọ́ì rẹ. Àtàárọ̀ ló ti ń wò ó.

6. Bí wọ́n bá mú iná lọ, má pa súíìsì. Bí iná bá ti dé, Arduino á bẹ̀rẹ̀ kóòdù rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, apá á sì fò dìde láìbi ẹnikẹ́ni. Kò sí ewu: igbe “Up NEPA!” láti ìta ti tó ìkìlọ̀ fún bọ́ì rẹ.

7. Gba owó iṣẹ́ rẹ pé kí o tó tan án. Káàṣì ni o. Ṣẹ́ẹ̀kì máa ń pẹ́.