Àánú Tí Kì í Dé Ìdí Ọbẹ̀

Kò sí ẹranko tó níyì ní Kumasi tó òòrẹ̀. Òun ni àmì ìran Asante, orúkọ rẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Asante Kotoko ń jẹ́ láti 1935. Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà ní pápá Baba Yara, ẹ ó rí bàbá olórí ewú tó bọ́ ẹ̀wù nítorí òòrẹ̀, tó ń pariwo àkọmọ̀nà wọn pé: pa ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún mìíràn á dé! Bí eré bá parí, ebi á dé. Bàbá á yà sí Atwemonom, ọjà ẹran ìgbẹ́ tó wà láàárín ìlú, á ní, “Ìyá, ṣé òòrẹ̀ wà?”

Ó kúkú wà. Wọ́n ti yan án gbẹ, ẹ̀gún rẹ̀ ti lọ, ó káwọ́ ká ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń sùn lórí ìjókòó. Bàbá á ná an, á sì dín owó rẹ̀ kù.

Ẹ má pe bàbá ní àgàbàgebè. Àgàbàgebè mọ ohun tó ń ṣe; bàbá ò mọ̀. Ní 2010, Loughnan, Haslam àti Bastian, àwọn tó ń wádìí ìṣesí ọkàn, fún àwọn kan ní ẹran màlúù gbígbẹ jẹ, wọ́n fún àwọn mìíràn ní kaṣú. Wọ́n wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ màlúù. Lójú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran, màlúù ò yẹ fún ìkẹ́ tó bó ṣe yẹ lójú àwọn tó jẹ kaṣú. Ẹran gbígbẹ lásán nìyẹn o, kò tíì kan fùfú àti ọbẹ̀ ewúrẹ́.

Ní 2015, Piazza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka àwáwí ajẹran sí mẹ́rin: bí a ṣe dá wa nìyẹn, gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́, ara nílò rẹ̀, ó dùn. Ní búkà kan ní Asafo, ládùúgbò kan ní Kumasi, ọ̀dọ́kùnrin kan ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi kí fùfú rẹ̀ tó dé, ó sì fi ẹ̀karùn-ún lé e: “Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá jẹ ẹ́, ṣé ó máa jí ni?”

Ọ̀dọ́kùnrin yìí kan náà ló ń bínú sí awakọ̀ tó de ewúrẹ́ mọ́ orí tro-tro, ọkọ̀ akérò. Ó ní ọkàn òun ò gbà á. Mo ní kí ló wá fẹ́ kí wọ́n ṣe.

“Kí wọ́n fi nǹkan bò ó.”

Ojú ara wa là ń ṣàánú, kì í ṣe ewúrẹ́. Kì í kúkú ṣe pé kò sófin. Òfin ọ̀daràn Gánà ti 1960 ní kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó ń fìyà jẹ ẹran. Òfin mìíràn ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, àfi ọ̀yà tí ọdẹ tó níwèé àṣẹ lè pa. Ẹ wá wo bí gbogbo ẹran inú ìkòkò ṣe máa ń di ọ̀yà nígbà náà!

Àbá mi ò le. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́dùn ẹran, kó kẹ́dùn kó tó jẹun. Kó béèrè bí wọ́n ṣe gbé e wọ̀lú àti bí wọ́n ṣe pa á, kó sì fi sídì díẹ̀ lé owó alápatà tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ la ó ti mọ iye tí àánú wa ń tà lọ́jà.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́kùnrin Asafo. Ó ní àbá gidi ni, ṣùgbọ́n ká jẹun tán ná.