Ẹ Má Tíì Lọ Tọ̀, Onílù Ń Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí onílù jáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í dá lùlù ní Freedom Park ní Broad Street, ẹ má wo orí ìtàgé. Ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀ ni kí ẹ máa wò. (Jáàsì orin ni mo ń sọ o, kì í ṣe èyí tí ẹ̀ ń so mọ́ ìdí.) Bí fèrè bá ti dákẹ́ báyìí, tí bass náà dákẹ́, ọmọ Èkó á dìde gìrì. Ẹni tí ìtọ̀ ò gbọ̀n á ránṣẹ́ pe oníṣúyà. Ẹni tó ti yó á gbé fóònù sétí, á máa han: "Hẹ̀lóò! Mi ò gbọ́ ẹ o! Wọ́n ń lu agolo níbí!"

Agolo kẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń fi ààfin Ìdúńgànrán búra ni mo tilẹ̀ ń bá wí. Lóde ìnáwó, bí onígángan bá sún mọ́ ọn, tó fi ìlù kì í, ta ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún un? Á gbọ́ ọ yékéyéké. Orí á wú, agbádá á fẹ̀, owó á máa fò. Kódà, á gbọ́ ohun tí onílù ò sọ: ìlù á ní "ọmọ olówó", etí tirẹ̀ á gbọ́ "ọmọ ọba". Etí yìí náà ló gbé wá síwájú onílù jáàsì, ló bá ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má sì sọ pé àjèjì ni jáàsì. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1961 ni Lionel Hampton, tó ti ń lùlù kó tó gbajúmọ̀ nídìí vibraphone, ti wá ṣeré ní pápá King George V ní Oníkàn níbẹ̀ yẹn.

Ẹ lọ gbọ́ The Drum Also Waltzes, tí Max Roach, onílù jáàsì, gbé jáde nínú àwo Drums Unlimited ní 1966. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á lu ìlù ńlá lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ òsì á pa háí-háàtì dé lẹ́ẹ̀mejì: gbìm, ṣẹ̀-ṣẹ̀, gbìm, ṣẹ̀-ṣẹ̀. Ẹsẹ̀ ò ní yẹ̀. Ọwọ́ á wá gba orí rẹ̀ sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, á tún un sọ, á yí ìdí rẹ̀ padà, á fún ara rẹ̀ lésì. Ẹ ò wá rí i? Ẹsẹ̀ ń ṣe gúdúgúdú àti omele, ọwọ́ ń ṣe ìyáàlù. Odidi ẹgbẹ́ onídùndún lára ọkùnrin kan, ẹ ní agolo!

Bí onílù bá sì wà láàárín ẹgbẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, orin tí wọ́n ń ṣe bọ̀ ló ṣì ń lù tó bá ń dá lùlù. Bí orin bá ní ìpín mẹ́rin, tí ìkẹta yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa tọ̀ ọ́. Tó bá dé ìkẹta, á kúrò lórí ìlù kékeré, á bọ́ sórí àwọn tí ohùn wọn nípọn. Oníbass tó dijú níbẹ̀ yẹn ò sùn o, ó ń kà á lọ́kàn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń já wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Alhaji tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtọ̀ dé á wá pàtẹ́wọ́: "Áà, wọ́n ti rántí orin náà!"

Nígbà mìíràn, fèrè á sọ̀rọ̀ fún báà mẹ́rin, onílù á fèsì fún báà mẹ́rin. Bí a ṣe ń ná ọjà ní Ìdúmọ̀tà nìyẹn, àfi pé àwọn tibí ń jẹ́ kí ẹnìkejì parí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn onífìlà bẹ̀rẹ́ẹ̀tì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ó kàn yín. Ẹ̀ ń dijú, ẹ̀ ń mirí, orí ò bá ìlù mu rárá. Ẹ ti ń sọ fún arábìnrin tí ẹ mú wá pé "Ọwọ́ Art Blakey nìyẹn," onílù ṣì ń yí nọ́ọ̀tì ìlù rẹ̀ kó le ni.

Ẹ̀yin onílù mìíràn náà ò sì mọ́. Ẹ̀ ń fi ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ ń fi ariwo parí, àfi bíi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ làágùn ló ń gbowó. Tony Allen, tí wọ́n bí ní Èkó níbí ní 1940, kì í bá ìlù jà nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn onílù bíi Blakey àti Roach ló ń tẹ́tí sí. Á jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó lù ú fún Fẹlá títí di 1979. Ní 2017, ó ṣe àwo kan fún Blue Note láti fi yẹ́ Blakey sí. Bí ẹ̀yin ò bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ẹ sọ ẹyọ kan, ká gbọ́.

Bó bá wá wù yín láti náwó fún onílù, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí o. Ọwọ́ dí, ẹsẹ̀ dí, bí náírà bá tún bò ó lójú, ìpín kẹta bàjẹ́ nìyẹn. Ihò kan lè wà níwájú ìlù ńlá náà. Ẹ jù ú síbẹ̀, á rí i tó bá ń palẹ̀ mọ́. Kí ẹ sáà ṣọ́ oníbass: ohun tó ti ń kà lọ́kàn látàárọ̀ lè má jẹ́ orin.